Ààlè Inú Àpótí Ẹja

Ẹ̀yin ará Ìdí-Apá, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ sì ti etí yín sílẹ̀ fún mi. Èmi Ọdẹ́dìran ni, ọmọ ọdẹ tó bí ọdẹ, ẹni tó di ẹfọ̀n nírù mú tí ẹfọ̀n bẹ̀bẹ̀ títí ó fi pe ìyá rẹ̀. Ẹ ní kí n sọ ìtàn ẹja tí mo lọ gbé wá láti ọ̀dọ̀ àwọn iwin. N óò sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n wí fún yín pé ìtàn owú ni. Èmi kì í fi owú mi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Òjòwú ni bàbá mi, òjòwú ni bàbá bàbá mi, ó sì bá èmi náà lára mu. Ẹni tí kò ní ohun tó dára nílé ni kì í jowú, nítorí kí ni yóò máa ṣọ́?

Ohun tó dára tí mo ní nílé nígbà náà ni Àwẹ̀ró, ìyàwó mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè, mo ti rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Àwẹ̀ró dúdú, ó ń dán, bó bá sì ń rìn bọ̀ láti odò pẹ̀lú omi lórí... Àbí kí ni mò ń sọ? Ṣé èmi fúnra mi ni n óò máa ṣàpèjúwe ìyàwó mi fún àwọn ọkùnrin? Ẹ jẹ́ kí a kọjá níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ń jẹ́ Ọláòṣebìkan. Télọ̀ ni. Ó ti fẹ́ fi Àwẹ̀ró ṣaya kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ní ọdẹ ló wu òun, torí ẹran ìgbẹ́. Ọláòṣebìkan bá ká ẹrù rẹ̀, ó gba Gánà lọ. Mo yọ̀. Mo rò pé ó lọ ráúráú. Àfi bó ṣe yọ lọ́jọ́ kan tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tòun ti àpótí kan tí a fi dígí ṣe yípo. Omi ló wà nínú àpótí náà. Ewé tútù ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ nínú omi, àwọn ẹja kéékèèké pupa sì ń lọ ń bọ̀ láàrin ewé. Ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i.

Ìlú wọ́ lọ síbẹ̀. Kí àpótí yẹn tó dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ajá mi nìkan ló kù tó ń gbọ́ mi, òun náà ń yán. Mo ní kò burú, nǹkan tuntun kì í pẹ́ kó tó gbó. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti oko ọdẹ dé, ẹtu wà lọ́rùn mi, mo pe Àwẹ̀ró kó wá bá mi sọ̀ ọ́, n kò gbọ́ ohùn. Iná ti kú nídìí àdògán. Mo gbé ẹtu náà lọ́rùn bẹ́ẹ̀, mo lọ sílé Ọláòṣebìkan, mo sì bá ìyàwó mi lórí àpótí ìjókòó kékeré níwájú ẹja. Ó fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mo rò pé èmi nìkan ló ni ín. Ọláòṣebìkan jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wa á kíkankíkan. Mo wo abẹ́ abẹ́rẹ́. Kò sí aṣọ níbẹ̀!

Mo ní, “Àwẹ̀ró, kí lò ń wò?”

Ó ní, “Ẹja ni, baálé mi. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń la ẹnu pàà, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó gbàgbé.”

Nígbà tí a délé, mo ní, “Ṣé ẹja ló wù ọ́? N óò mú ẹja wá fún ọ tí ti télọ̀ yìí yóò dà bí èèpo ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ó ní, “Baálé mi, mi ò rán yín níṣẹ́ kankan. Ẹ máa jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, ó tó mi.”

N kò gbọ́ èyí tó sọ gbẹ̀yìn dáadáa, torí mo ti wà lẹ́yìnkùlé, mò ń rọ ẹ̀tù sínú ìbọn.

Ẹ̀yin náà mọ Igbó Aláìbojúwẹ̀yìn, ibi tí àwọn baba wa ní kí a má ṣe sún mọ́. Àwọn ọdẹ àtijọ́ máa ń sọ pé àárín gbùngbùn rẹ̀ ni Adágún Olómi-Àrò wà, pé ẹja ibẹ̀ máa ń gba àwọ̀ aṣọ ẹni tó bá ń wò ó. Mo kọ́ àpò ọdẹ mi, mo gbé akèrègbè ńlá kan kọ́ èjìká, mo sì wọ igbó náà. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ti jìn tó. Ẹsẹ̀ òjòwú kì í mọ ọ̀nà jíjìn.

Kò pẹ́ tí mo wọ ibẹ̀ tí iwin kan fi dábùú ọ̀nà. Orí rẹ̀ kò ní ojú rárá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ojú wà. Bó bá fẹ́ wo ènìyàn dáadáa, ńṣe ló máa jókòó, bó bá sì fẹ́ sùn, ńṣe ló máa kúnlẹ̀. Ó jókòó, ó tẹjú orúnkún mọ́ mi.

Ó ní, “Ta ló rán ọ wá sí igbó wa?”

Mo ní, “Owú ló rán mi.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà yìí. Ìjẹta ni ìyálé kan kọjá, àná ni ọba kan kọjá. Padà sílé.”

Kí n padà? Èmi Ọdẹ́dìran? Ni a bá wọ̀yá ìjà. Ó gbé mi, ó fi mí na igi apá, gbogbo èso igi náà já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi náà dìde, mo bu erùpẹ̀, mo dà á sí i lórúnkún. Ẹ gbọ́ igbe! Ó ń fọwọ́ nu orúnkún, omijé ń ṣàn dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ẹ lè pàtẹ́wọ́ díẹ̀, kò burú. Ta ni nínú yín tí ìyẹn ì bá wá sí lọ́kàn?

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, “Ìjà ti tó. Àlọ́ ló kù. Bó o bá mọ̀ ọ́n, máa lọ. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, n óò sọ ọ́ di kùkùté. Ohun kan wà nílé yín: bó o bá wò ó, òun náà a wò ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ. Kí ni?”

N kò tilẹ̀ ronú. Mo ní, “Ìyàwó mi ni!”

Iwin náà wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bolẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ gbì-gbì. Ó ní, “Dígí ìwojú ni mo ní lọ́kàn o! Dígí ni! Ṣùgbọ́n máa lọ, ọdẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dúró síbí, kò sí ẹni tó dá mi lára yá tó báyìí.” Mo kọjá. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí di òní.

Ìlú tí mo tún dé ni Ìlú Ọbẹ̀-Ń-Jóná. Kí n tó rí òrùlé kan, òórùn ọbẹ̀ tó jóná ti gba gbogbo imú mi. Àwọn ará ibẹ̀ kì í wo ìkòkò tiwọn, ìkòkò aládùúgbò ni wọ́n máa ń wò, nítorí náà kò sí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jóná. Wọ́n ti lu ihò sí ara ògiri gbogbo ilé kí wọ́n lè máa yọjú wo ara wọn, àwọn ògiri náà sì ti dà bí asẹ́. Bí wọ́n ti rí mi báyìí ni wọ́n yí mi ká. Ọ̀kan ń fọwọ́ pa ìbọn mi, òmíràn ń wọn fìlà mi, arúgbó kan ń wo eyín mi, ó ń mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Wọ́n wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ ọba wọn.

Ọba náà ní, “Àlejò, kò sí ẹni tó ń wọ ìlú yìí tó ń jáde, nítorí bó bá jáde, ó lè lọ rí ohun tí àwa kò rí. Àfi ẹni tó bá lè jowú jù wá lọ.”

Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ìjòyè kan dìde, ó ní, “Èmi ń jowú arọ, torí wọ́n ń gbé e, èmi ń fẹsẹ̀ rìn.” Wọ́n kan sáárá sí i. Òmíràn dìde, ó ní, “Èmi ń jowú òkú, torí ọ̀rọ̀ rere nìkan ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀.” Wọ́n hó. Ọba fúnra rẹ̀ wá dìde. Ó ní, “Èmi ń jowú ara mi ti àná, torí ọjọ́ tó kù fún òun láti lò ju tèmi lọ.” Ẹ gbọ́, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

Mo jáde síwájú. Mo ní, “Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín sí ẹja. Mò ń jowú ẹja náà.”

Ọba ní, “Báwo ni ẹja náà ti tóbi tó?” Mo fi ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ hàn án. Obìnrin kan dákú. Ọba bọ́ adé rẹ̀, ó gbá a mọ́ra gírígírí, ó ní, “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un! Ẹ jẹ́ kó máa lọ kíákíá! Bí ẹni yìí bá sùn níhìn-ín mọ́jú, yóò gba adé mọ́ mi lórí.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹlòmíràn tó sọ pé òun náà jáde níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Mo wá dé Adágún Olómi-Àrò. Omi náà mọ́ débi pé ẹni tó ń wò ó kò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ parí sí. Ìyá arúgbó kan tẹ́ ẹní sórí omi, ó jókòó lé e, ẹní náà kò rì, kò sì tutù. Òun ni Ìyá Olómi-Àrò. Àwọn lámilámi pọ̀ jáǹrẹrẹ ní àyíká rẹ̀, wọ́n ń fò, wọ́n ń fi ìdí kan omi fẹ́rẹ́, wọ́n ń bà lé ewé, wọ́n tún ń dìde. Àwọn ẹja wà nísàlẹ̀. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, gbogbo wọn di àwọ̀ ilẹ̀ bíi gbérí ọdẹ tó wà lọ́rùn mi.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó ní, “Ọmọ mi, èwo lo fẹ́ nínú wọn?”

Mo ní, “Gbogbo wọn ni, ìyá.”

“Kí lo fẹ́ fi gbogbo wọn ṣe?”

“Kí ẹlòmíràn má baà rí irú wọn mú lẹ́yìn mi. Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Bí mo bá ṣẹ́ ẹyọ kan kù sílẹ̀ níhìn-ín, yóò wá a rí. Ẹ jẹ́ kí n kó omi náà, kí n kó ewé, kí n kó ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.”

Ìyá náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun tó ń gbé inú omi mi ju ẹja lọ, ọdẹ. Ṣé gbogbo ará ilé náà lo gbà lálejò?”

Mo ní, “Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo gbà wọ́n, ìyá.”

Ó ká ẹní rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, adágún náà sì bẹ̀rẹ̀ sí súnkì, ó ń súnkì, títí gbogbo rẹ̀, tomi tẹja tewé tẹrẹ̀, fi dà wọ inú akèrègbè mi láìkán sílẹ̀. Ibi tí adágún wà di ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn lámilámi náà fò yí ilẹ̀ náà ká, lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀lé mi. Wọ́n tẹ̀lé mi títí dé etí igbó, wọ́n ń bà lé akèrègbè, mò ń fi fìlà lé wọn. Mo rò pé àwọn náà ń jowú mi ni. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i.

Mo délé. Gbàdàmọ́sí, káfíńtà wa, bá mi fi dígí fèrèsé kan àpótí tó tóbi ju ti télọ̀ lọ, ó fi ọ̀dà dí etí rẹ̀. Mo da adágún sínú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìlú kọ ẹ̀yìn sí ilé Ọláòṣebìkan! Wọ́n wọ́ wá sílé mi. Ẹni tó wọ àdìrẹ dé, ẹja di àdìrẹ. Ẹni tó wọ funfun dé, ẹja funfun báláú. Nígbà tí Àwẹ̀ró ró ìró rẹ̀ aláwọ̀ osùn tó sì bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, gbogbo wọn pọ́n, wọ́n ń dán, ó sì pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín náà. Ẹ gbọ́, bí mo bá kú lọ́jọ́ yẹn, kì bá tí dùn mí.

Ọláòṣebìkan náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìran ni ẹ fi wá wò.” Mo tẹjú mọ́ ọn, mò ń wá owú lójú rẹ̀. N kò rí i. Mo tún un wò. Kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀. Irú ènìyàn wo ni yóò rí ohun tó dára báyìí lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí inú rẹ̀ yóò dùn, bí kò bá jẹ́ pé ó ti ní ìdí mìíràn tó fi ń yọ̀?

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sun oorun àsùnwọra. Mo wọlé lọ́sàn-án kan, mo bá Àwẹ̀ró níwájú àpótí, aṣọ funfun ló wọ̀, òun nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹja inú àpótí dúdú bí ẹlú. Aṣọ ẹlú kẹ̀? Mo sáré síta, mo bá Ọláòṣebìkan lábẹ́ fèrèsé, tòun ti dàńṣíkí aláró.

“Kí lò ń ṣe níbí?”

Ó ní, “Ìyàwó yín ní kí n wá wọn fèrèsé fún kọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n.”

“Kọ́tìnnì? Kí kọ́tìnnì bo ojú ta ni kí ta ni má baà rí i?”

N kò dúró gbọ́ èsì. Mo mú ìṣó àti pákó, mo kan fèrèsé náà pa.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí dín. Lónìí wọ́n pọ̀, lọ́la wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. N kò rí òkú ẹja, n kò rí eegun. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀ omi, mo rí àwọn kòkòrò kan tí wọ́n ń wọ́ nínú ẹrẹ̀, wọ́n rí játijàti, àwọ̀ ẹrẹ̀ ni wọ́n, ojú wọn tóbi, mo sì ṣíwọ́ wíwò wọ́n. Ọdẹ tó pa ẹfọ̀n kì í ka kòkòrò sí ẹran. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti jí ẹja nínú ilé mi? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ alángbá tí inú ń run.

Mo ní kò burú. Bí wọ́n bá ń jí iṣu lóko, ṣebí ààlè ni a máa ń fi lé e? Mo gé ọ̀pá atòrì kan, mo so àkísà pupa mọ́ ọn, mo so ìkarahun ìgbín òfìfo mọ́ ọn, mo so ṣùkù àgbàdo àti ìgbálẹ̀ gbígbó. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí: olè tó bá kọjá èyí, àkísà ni yóò wọ̀, ilé rẹ̀ yóò ṣófo bí ìkarahun, yóò dá wà bí ṣùkù. Lóko, àárín ohun tí a ń dáàbò bò ni a ti ń ri ààlè mọ́lẹ̀. Nítorí náà, èmi náà ri ọ̀pá yẹn mọ́ inú ẹrẹ̀ ní àárín àpótí, orí rẹ̀ yọ sókè omi, àwọn nǹkan yẹn sì ń mì lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì fi ààlè lé ẹja rí ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹja ń dín síbẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé olè tó ń rí ààlè tí kò bẹ̀rù, ará ilé ni. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo pe Àwẹ̀ró.

Mo ní, “Sọ òótọ́ fún mi. Ìwọ lò ń kó ẹja mi lọ fún télọ̀, kí àpótí rẹ̀ lè kún.”

Ó ń gbá ilẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Èmi ni olè?”

“Ta ni ìbá tún jẹ́?”

Ó ní, “Ó dára. Ẹ pe ìlú. Ẹ pe Ọláòṣebìkan náà. Kí gbogbo wa jókòó ti àpótí yìí ní ojúmọmọ, kí ẹnikẹ́ni má dìde, títí olè yóò fi jáde. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ lé mi jáde níṣojú wọn.”

Mo pè wọ́n. Mo ti mọ̀ pé mo ti borí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé mi kún fọ́fọ́. Ẹja kan ṣoṣo ló kù. Aṣọ tó yí i ká pọ̀ jù, kò mọ èyí tí yóò gba àwọ̀ rẹ̀, ó kàn ń ṣe tótòtó bí aṣọ eégún. A wò ó, a wò ó. Ọláòṣebìkan jókòó sí ọ̀tún, Àwẹ̀ró jókòó sí òsì, èmi wà láàrin wọn, ìbọn wà lórí itan mi.

Ẹrẹ̀ mì. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò játijàti wọ̀nyẹn yọ jáde, ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹja kọjá níwájú rẹ̀. Lójijì, àgbọ̀n kòkòrò náà nà jáde bí apá ènìyàn, ó gbá ẹja mú, ó fà á sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. “Yéè!” ni gbogbo ilé ké. Ìyá àgbà kan ní, “Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí gun ọ̀pá ààlè. Ó jáde nínú omi, ó ń rọra gòkè, ó kọjá àkísà, ó kọjá ìgbálẹ̀, ó bà lé ìkarahun ìgbín, ó sì dì í mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ là. Ohun kan tó tutù, tó rọ̀, fa ara rẹ̀ jáde nínú awọ náà, ìyẹ́ rẹ̀ ká jọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ìyẹ́ náà ń nà díẹ̀díẹ̀, ó ń le, ó ń mọ́ gaara, títí a fi lè rí ojú ara wa láti ẹ̀yìn rẹ̀. Lámilámi ni! Òmíràn ti ń gùn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún ń bọ̀. Ó ní àwọ̀ ewé lẹ́yìn, ó ní àwọ̀ wúrà nídìí, kò sì gba àwọ̀ aṣọ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mo yíjú sí Àwẹ̀ró. Ó ti dìde. Ẹ̀rín náà wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín mi gan-an, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀ ju èyí tó rín sí ẹja télọ̀ lọ, ó jinlẹ̀ ju èyí tó rín sí tèmi lọ. Kòkòrò ló ń rín in sí! Mo ṣí fìlà, mo gbé e sókè láti fi gbá lámilámi náà mọ́ ọ̀pá. Àwẹ̀ró di ọwọ́ mi mú.

Kò pariwo. Ó ní, “Ọdẹ́dìran.” Kò pè mí ní orúkọ rí. “Ìwọ lo gbé olè wọlé. Ìwọ lo ri àkàbà mọ́lẹ̀ tó fi gùn jáde. Èmi lo pè lólè.”

Ó lọ sídìí fèrèsé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa pákó tí mo kàn mọ́ ọn, ó fà á títí ìṣó fi tu, ẹ̀jẹ̀ sì yọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọláòṣebìkan fẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́, mo wò ó, ó jókòó. Afẹ́fẹ́ wọlé. Àwọn lámilámi náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń gbẹ, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà igbó. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn lọ, Àwẹ̀ró wọ yàrá, ó di ẹrù rẹ̀.

Kò lọ sílé télọ̀. Mo tẹ̀lé e láti rí i dájú. Ilé bàbá rẹ̀ ló lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ó yíjú padà, ó ní, “Mi ò kọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó o bá wá kí mi tó ò bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀, tó ò bi mí nípa ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ àti ohun tí mò ń wò, ọjọ́ náà ni n óò ru ẹrù mi tẹ̀lé ọ.”

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ bá mi dá a. Ṣé àdéhùn tí ọkùnrin lè mú ṣẹ nìyẹn? Iwin tó ní kí n já àlọ́ tilẹ̀ ṣàánú mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ, mo gbé ẹtu dání. Mo kí bàbá rẹ̀, mo kí ìyá rẹ̀, n kò béèrè nǹkan kan. Àwẹ̀ró jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń nu ọwọ́ sára ìró, ó rí mi, ojú rẹ̀ tú ká. Mo la ẹnu láti sọ pé ilé tutù láìsí i. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni, “Níbo lo wà látàárọ̀?” Ó padà wọlé. Mo tún lọ lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ìgalà. Mo ti di ẹnu mi pinpin, mo ti jókòó, ó ti bu omi fún mi, ó sì ti jókòó tì mí. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ojú rẹ̀ kàn ṣí kúrò lára mi díẹ̀, ó wo òde, èmi náà sì wo òde láti mọ ẹni tó wà níbẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ o! Mo kàn wò ni. Ó gbé igbá omi kúrò níwájú mi.

Ọláòṣebìkan ti gbé ìyàwó láti ìlú mìíràn, ó ti bímọ. Wọ́n ní kí n yé ṣọ́ ọ. Mo ṣì ń ṣọ́ ọ. Àpótí mi wà níbẹ̀ yẹn, ẹ lè wò ó, omi nìkan ló kù nínú rẹ̀. N óò tún lọ sílé bàbá Àwẹ̀ró ní ọ̀la, n óò gbé ọ̀yà dání, ẹnu mi yóò dákẹ́, ojú mi yóò dákẹ́, mo ti pinnu. Ìtàn mi nìyẹn, bó ti rí gan-an ni mo ti sọ ọ́ o.

Ṣùgbọ́n dúró, ìwọ Akínlàjà. Ṣebí ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá Àwẹ̀ró lò ń gbé? Ṣé o rí i lónìí?

“Mo rí i, bàbá. Nírọ̀lẹ́ yìí, bí mo ti ń bọ̀ níbí.”

Kí ló ń ṣe?

“Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni, bàbá.”

Kí ló ń wò?

“Ojú ọ̀nà tó wá sílé yín ló ń wò, bàbá. Wọ́n ní ibẹ̀ ló máa ń wò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.”

Ojú ọ̀nà ilé mi? Ta ló wà lójú ọ̀nà náà?

“Kò sí ẹnì kankan, bàbá. Èmi nìkan ni mò ń kọjá.”

Ìwọ nìkan? Ìwọ nìkan lò ń kọjá, tí Àwẹ̀ró sì ń wò ọ́? Ẹ bá mi mú Akínlàjà jáde kúrò nílé mi!